Bí Saloua Ṣe Lé Ọkọ Rẹ̀ Onímítà Wọ Ẹgbẹ́ Aranilọ́wọ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni Hamadi Louhichi fi ka mítà omi ní ìlú Mahdia, láti èbúté àwọn apẹja títí dé itẹ́ òkú tó dojú kọ òkun. Kò sí ilé tí kò mọ̀. Ó mọ ilé tí ajá ti ń bu ni jẹ, ó sì mọ èyí tí ajá kàn ń fẹnu lásán halẹ̀. Ó mọ ilẹ̀kùn tó ń há nígbà òjò àti àtẹ̀gùn tí òkúta rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í pé báwo ni yàrá àlejò wọn ṣe rí, kò lè sọ, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó wọlé wá jókòó.

Kì í ṣèèyàn burúkú o. Iṣẹ́ tó yàn ló sọ ọ́ dẹni à-rí-sá. Bó ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn nìkan ti tó: kó-kó, á dákẹ́ díẹ̀, kò! Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ nísàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n á ti gbogbo ẹ̀rọ omi tó wà lókè pa, rédíò á dákẹ́, àwọn obìnrin tó ń tàkúrọ̀sọ láti òrùlé dé òrùlé á lúgọ bí adìyẹ tí àṣá ń rà bàbà lé lórí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá kọ oorun á ní, "Ṣé kí n pe Hamadi onímítà ni?" Kíá lọmọ á pajú dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún un ní kọfí mu ní gbogbo ọdún yẹn, àṣìṣe sì ni. Obìnrin ilé náà rò pé ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ òun ló dé. Nígbà tí Hamadi yọ ìwé rẹ̀ tó béèrè ibi tí mítà wà, obìnrin náà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì mu ún dé ìdajì.

Nígbà tó pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta, wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọ́n fún un ní aago ògiri kan, wọ́n bá a ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó dilé. Nílé yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni Saloua ìyàwó rẹ̀. Aṣọ ìyàwó ló máa ń rán, èyí tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ títí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò fi ní lè dìde láìjẹ́ pé wọ́n fà á. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Inès, ti wà nílé ọkọ ní Sousse. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Saloua nìkan ló ń jọba nínú ilé náà láti ọdún pípẹ́ wá: òun, máṣíìnì rẹ̀, rédíò rẹ̀, àti ilé ìdáná tó tò bó ṣe wù ú.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Hamadi fẹ̀yìn tì, ó tún gbogbo ìgò èròjà ọbẹ̀ tò, kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ tó bá ń fọ abọ́.

"Ìyá Inès, omi yẹn mà ti ń pọ̀ jù."

"Bàbá Inès, ṣé ọwọ́ gbígbẹ ni kí n fi fọ abọ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ife mẹ́ta tó fún abọ́ mẹ́fà ni mo wí. Mo ti wò ó."

"Ẹ wo kí ni?"

"Mítà."

Saloua di àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú gírígírí, ó ka oókan dé ẹ̀wá nínú, ó wá rọra gbé e kalẹ̀. Ọlọ́run ló kó Hamadi yọ lọ́jọ́ yẹn.

Èyí tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni ti ọmọbìnrin kan tó wá wọ aṣọ ìyàwó rẹ̀ wò nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin. Hamadi wọlé láìwúkọ́, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà tí ìpẹtà ti bò, ó ní, "Apá òsì fi ìka méjì ga ju ọ̀tún lọ." Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá ọmọ náà bú sẹ́kún. Saloua fa téèpù yọ, ó wọn aṣọ náà, kò rí àṣìṣe kankan. Ó wọn ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó wá rí i pé òótọ́ lọkọ òun sọ: èjìká ọmọ ló rí bẹ́ẹ̀ láti inú oyún, wọn ò sì mọ̀ nílé wọn títí dọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Saloua gba ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja lọ. Neila ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yá lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀rín sì yá jù ú lọ. Òun náà ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Aranilọ́wọ́ ìlú náà.

"Àbúrò mi, bá mi wá oògùn orífífọ́, èyí tó bá le jù."

"Kí ló fa orífífọ́ náà, Lalla Saloua?" "Lalla" ni wọ́n fi ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀.

"Ọkọ mi ni."

Neila wo pẹpẹ òkè, ó wo tìsàlẹ̀, ó mirí. "Oògùn ìyẹn ti tán lọ́jà, mà."

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin yìí ti sọ mí di mítà. Tó bá tún fi oṣù kan jókòó tì mí, ọ̀kan nínú wa á ṣẹ̀wọ̀n, o sì mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Neila rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó di oògùn orífífọ́ fún un, ó sì fa fọ́ọ̀mù kan yọ lábẹ́ káńtà. "Ẹ gbé oògùn yìí mì. Ẹ wá kọ ọkọ yín sínú èyí."

Orí káńtà níbẹ̀ ni Saloua ti kọ ọ́. Nígbà tó débi tí wọ́n ti béèrè pé iṣẹ́ ọwọ́ wo lo mọ̀, ó fi bírò há ẹnu fún ìgbà pípẹ́, ó wá kọ ọ́ pé: *Ó mọ ìrìn rìn. Ó mọ ilẹ̀kùn kàn.* Níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí lo ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe fún ọ, ó kọ ọ́ pé: *Ẹ bá mi dá a dúró títí di ìrọ̀lẹ́.*

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Hamadi o. Ohun tó wí fún un ni pé, "Neila apòògùn ní àwọn ń wá ẹni tó lójú àyẹ̀wò." Hamadi nà ró, ó béèrè bóyá kóòtù òun ti mọ́.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ilé ìwé ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, gbogbo wọn ni Hamadi sì mọ ibi tí mítà wọn wà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni Raouf, apẹja kan tí irunmú rẹ̀ gbòòrò bí ìgbálẹ̀. Ajá Raouf yìí ló já ìdajì ṣòkòtò Hamadi gbà nígbà kan.

"Yéè!" Raouf fò dìde. "Ta ló jẹ́ kí onímítà wọlé? Ẹ sáré lọ ti ẹ̀rọ o!"

Yàrá náà ho fún ẹ̀rín. Hamadi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Ajá rẹ ńkọ́?" ló béèrè.

"Ó ti kú."

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an."

"Bí ṣòkòtò mi náà ṣe dùn mí nìyẹn."

Ẹ̀rín kejì ju tàkọ́kọ́ lọ, Raouf gan-an ló sì pariwo jù. Hamadi yíjú wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láyé rẹ̀, kò rántí ìgbà tí ogúnlọ́gọ̀ èèyàn rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun. Èrò rẹ̀ ni pé òun á kàn yọjú ni kóun máa lọ, àmọ́ ìyàwó Raouf ti gbé àwo àkàrà dídùn kan síwájú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi dàbínù sí nínú tí wọ́n rì sínú oyin. Ó jẹ ọ̀kan. Ó jẹ ìkejì. Nígbà tó máa fi jẹ ìkẹrin, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó máa fẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, abẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa sí gbàgede ni Hamadi ti ń gba àwọn tó tò sórí ìlà níyànjú. "Kò sóhun tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe bí ọkùnrin." Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ wo ara wọn. Ó kàn án. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ sókè. Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù pa á lápá, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú bébà rẹ̀ lórí tábìlì. Gbìì! Hamadi ti lọ bí àpò wíìtì.

Nígbà tó lajú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àga, orí rẹ̀ wà lórí itan Raouf, Raouf ń fi páálí fẹ́ ẹ, Neila di ife omi ọsàn mú.

"Ẹ̀jẹ̀ náà kún ìgò?" ló béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" ni Raouf wí. "Òwú ni wọ́n fi kàn ọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu ilẹ̀.

Láyé àtijọ́, Hamadi ì bá ti bínú lọ sílé. Àmọ́ ohun kan ló ń rò bó ṣe ń mu omi ọsàn náà: òkúta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn, orí òun kò sì kan òkúta, torí ẹnì kan ti na ọwọ́ gbé e.

"Raouf, o lágbára o," ló wí.

"Ìwọ náà wúwo," ni Raouf dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí oṣù Ramadan dé, ẹgbẹ́ náà ń se ọbẹ̀ ṣọ́rbà àti búrẹ́dì fún àwọn arúgbó tó ń dá gbé, kó lè dé ọwọ́ wọn kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ìpàdé ló fẹnu kò pé Hamadi ni kó máa pín in lápá ìlú àtijọ́. Ta ló tún mọ ilé ju ẹ̀ lọ? Ó gbé ìkòkò, ó dé ilé àkọ́kọ́. Kó-kó. Kò!

Nínú ilé, omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ó tún kàn án.

"Kò sẹ́nì kankan nílé!" ni ohùn ọkùnrin kan ké látinú.

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Rédíò ni!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nílé kejì àti ìkẹta. Nílé ìkẹrin, ó rí ojú kan láàárín fèrèsé, ojú náà rí i, fèrèsé pa dé. Ọbẹ̀ tútù. Hamadi gbé ìkòkò padà wá bó ṣe gbé e lọ, ojú sì tì í.

"Ọwọ́ yẹn ni," ni Neila wí. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ ṣe ń kan ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń sá fún. Ẹ má kàn án mọ́. Ẹ pariwo ohun tẹ́ ẹ gbé wá."

"Kí èmi máa pariwo kiri òpópónà? Èmi, òṣìṣẹ́ ìjọba?"

"Òṣìṣẹ́ ìjọba àná," ni Raouf wí. "Ẹja tí mi ò bá polówó, èmi fúnra mi ni mo máa jẹ ẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Saloua gbọ́ ohùn kan nínú balùwẹ̀: "Ṣọ́rbà dé o… Ṣọ́rbà… ẹ̀hẹn… ṣọ́rbà gbígbóná!" Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka nítorí ẹ̀rín. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá Inès, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Ọbẹ̀ lẹ ń polówó, kì í ṣe òkú lẹ ń kéde."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pariwo. Ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí bí ìbú ìka kan. Ojú yọ, ó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ìwé wà níbẹ̀, ó wo abẹ́ apá rẹ̀, ó wá wo ìkòkò. Ilẹ̀kùn ṣí tán. "Ìwọ náà lo gbé oúnjẹ wá, Hamadi? Ayé ti fẹ́ parẹ́ o!" Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá onírédíò ọjọ́sí fún un ní àpò ólífì kan, ó sì fi dandan lé e pé kó wọlé wá wo fọ́tò àwọn ọmọ òun. Hamadi wọlé. Ó jókòó. Ó wo fọ́tò mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣílẹ̀kùn, ìyẹn Lalla Douja. Ahunṣọ ni láyé ọjọ́un, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ahọ́n rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń bá Hamadi jà pé onírọ́ ni mítà tó wà lára ògiri òun, pé Hamadi sì ni bàbá tó bí i. Fèrèsé òkè ló ti máa ń fi okùn sọ agbọ̀n kan kalẹ̀.

"Fi ọbẹ̀ síbẹ̀. Má wo mítà mi!"

"Mi ò wò ó, Lalla."

"Mo rí ojú rẹ! Ó ń lọ síbẹ̀!"

Òótọ́ ìyá ni. Ojú tó ti mọ nǹkan kan wò fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó lè so ó mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́, bí agbọ̀n ṣe ń gòkè ni Hamadi ń jí mítà náà wò. Ó mọ̀ pé omi tí ìyá náà ń lò lóṣù kan kò tó èyí tí ẹlòmíì fi ń fọ ọkọ̀.

Àwẹ̀ ti wọ ọjọ́ kejìdínlógún nígbà tí Hamadi dé ibẹ̀, tó pariwo ṣọ́rbà, tí agbọ̀n kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin kan yọrí lójúde kejì.

"Ó ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ksour Essef nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta."

Hamadi gbé ìkòkò, ó fẹ́ máa lọ. Ojú rẹ̀ bá tún ya sí mítà. Abẹ́rẹ́ pupa kékeré inú rẹ̀ ń yí bí òòyì. Ó súnmọ́ ọn, ó ka nọ́ńbà. Láàárín àná sí òní, omi tó ti gba ibẹ̀ kọjá ju èyí tí Lalla Douja ń lò lóṣù méjì lọ.

"Kò lọ síbì kankan," ló wí. "Ìyá tó ń fi ife kan fọ abọ́ mẹ́rin, ṣé ó lè ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó rìnrìn àjò? Raouf! Raouf o!"

Raouf tó ń pín tirẹ̀ ládùúgbò kejì sáré dé, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, torí orúnkún ń dà á láàmú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, irin gbọọrọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà tí iyọ̀ òkun ti jẹ irin rẹ̀. Raouf fà á lẹ́ẹ̀kan, irin náà tẹ̀lé e lọ́wọ́ bí ìrèké.

"Wọlé," ni Raouf wí. "Orúnkún mi ò lè gùn ún."

"Èmi? Wo inú mi!"

"Àwẹ̀ ọjọ́ méjìdínlógún ti dín in kù. Gun èjìká mi!"

Hamadi gùn ún. Orí wọlé, èjìká wọlé, àyà wọlé. Nígbà tó kan ikùn, fèrèsé ní òun ò gbà. Bó ṣe há síbẹ̀ nìyẹn, ìdajì ẹ̀ wà lọ́dọ̀ Lalla Douja, ìdajì tó kù wà ní òpópónà. Gbogbo àdúgbò ti jáde, kálukú ló sì ní ìmọ̀ràn.

"Ẹ fà á padà!"

"Ẹ ní kó mí síta!"

"Ẹ fi òróró ólífì pa á níkùn!"

"Ẹ má fi òróró ṣòfò, ẹ tì í!"

Raouf gbé èjìká tì í nídìí, ó pariwo "Bísímílà!" bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ ojú omi bọ́ sókun. Hamadi já, ó bá òfì àtijọ́ kan àti agbọ̀n òwú mẹ́ta, gbogbo wọn sì jọ dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde pẹ̀lú òwú aláwọ̀ búlúù lọ́rùn, ó tẹ̀lé ìró omi.

Orí ilẹ̀ balùwẹ̀ ni Lalla Douja wà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ètè rẹ̀ ti dúdú fún òtútù. Ẹ̀rọ ń tú omi yàà sínú ọpọ́n tó ti kún àkúnya. Ó lajú.

"Hamadi? Ṣé inú ilé lo tún wọ̀ wá báyìí láti ka mítà?"

"Lalla, ẹ ń gbọ́ mi? Ibo ló ń dùn yín?"

"Ti ẹ̀rọ yẹn pa kó o tó béèrè ara mi! Àtàárọ̀ ló ti ń ṣòfò, mi ò lè nawọ́ dé e!"

Hamadi ti ẹ̀rọ. Ó bọ́ kóòtù, ó fi bò ó, ó kó gbogbo aṣọ tó rí lórí ibùsùn wá kún un. Ìyá náà ní ẹsẹ̀ ló yọ̀ òun nígbà tóun fẹ́ ṣàlùwàlá, ìbàdí òun kò sì jẹ́ kóun mira. Hamadi ní kóun bu omi fún un mu.

"Má dán an wò!" ni Lalla Douja wí. "Omi yí mi ká látàárọ̀, ẹ̀kán kan ò kan ọ̀fun mi. Ṣé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí n wá ba àwẹ̀ mi jẹ́?"

Ni Hamadi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò mọ ibi tí ẹkún náà ti wá, ó kàn ń jáde ni.

"Kí lò ń sunkún sí?" ni ìyá náà béèrè. "Èmi ni mo ṣubú." Àmọ́ ó na ọwọ́ tútù rẹ̀, ó di ti Hamadi mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tó wá fi í sílẹ̀, Hamadi lọ yọ irin ilẹ̀kùn fún Raouf. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún Neila, ó sì ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá sórí àkéte ni ohùn ládàánì dún láti mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn dúró. Hamadi fi dàbínù kan sí Lalla Douja lẹ́nu, awakọ̀ gba ọ̀kan, nọ́ọ̀sì gba ọ̀kan. Wọ́n gbé ìyá lọ, Hamadi àti Raouf sì jókòó sórí pèpéle ilé náà, wọ́n ṣí ìkòkò tí ológbò àdúgbò ti ń ṣọ́ látìgbà náà, wọ́n jọ fi ṣíbí kan ṣoṣo jẹ ṣọ́rbà tútù. Hamadi ní òun ò tíì jẹ irú rẹ̀ rí.

Egungun ìbàdí ló sán. Ìyá lo ogójì ọjọ́ nílé ìwòsàn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn kó má bàa dá wà. Nígbà tí kò sí nílé, wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì da iyanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ kó má yọ̀ mọ́. Hamadi ń lọ kí i ní gbogbo ọ̀sán, kódà lọ́jọ́ tí kò kàn án. Wọ́n á jà nípa mítà. Àwọn nọ́ọ̀sì á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Lalla Douja tó gbà. "Ó dáa. Mítà yẹn ò parọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Ọjọ́ yẹn nìkan o!"

Kò pẹ́ tí Hamadi fi nawọ́ sókè nípàdé. Ó ní arúgbó tó ń dá gbé nílùú náà lé lógójì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀gbà tí ọ̀kan nínú wọn máa ṣubú. Ṣùgbọ́n ara ògiri ìta ni mítà wọn wà. Tí àwọn tó ni ilé bá gbà, kí ló dé táwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò ní máa yọjú wò ó lójoojúmọ́? Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì, ó ya mítà sójú pátákó, ó sì kọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

"Tí kò bá yí fún ọjọ́ méjì, ẹ kan ilẹ̀kùn. Tó bá ń yí bí òòyì, ẹ pe aládùúgbò, ẹ pe Neila, ẹ wá fọ́ ilẹ̀kùn."

Raouf ló kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́. Ó rí mítà kan tí kò yí fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìyá tó nilé ti lọ sí ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló bá a ra ilẹ̀kùn tuntun, ìyá náà sì ń yangàn rẹ̀ fún gbogbo ayé: "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mi ò sí nílé, wọ́n fọ́lé nítorí mi! Ta ni wọ́n tún fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?" Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, wọ́n ti bá bàbá kan nílẹ̀ tí ìbà ti dá dùbúlẹ̀, bàbá náà wà láàyè títí di òní.

Ní ti Hamadi, dókítà ti kìlọ̀ fún un nítorí kọfí. Ilé mẹ́tàdínlógún ló ti ń mu ún lójúmọ́, ṣúgà sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ilé rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ bí Saloua ṣe ń fẹ́, ó rán aṣọ mẹ́fà lóṣù kan. Lóṣù kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè sí ilẹ̀kùn. Lóṣù kẹta, ó padà lọ bá Neila.

"Fún mi ní fọ́ọ̀mù kan."

"Ta lẹ fẹ́ lé síta báyìí, mà?"

"Ara mi ni. Tí mo bá fẹ́ rí ọkọ mi sójú, àfi kí n wọ ẹgbẹ́."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Raouf ní kí gbogbo ẹgbẹ́ wá bá òun lọ sójú òkun ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Hamadi dúró létí èbúté, kò gbẹ́sẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

"Ìwọ tí wọ́n bí sí Mahdia?" ni Raouf ké.

"Ta ló pè mí rí?"

Raouf na ọwọ́, ó fà á wọlé. Lalla Douja ti jókòó sórí tìmùtìmù láàárín ọkọ̀, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan, ó ń pàṣẹ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ nípa ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Wọn ò tíì jìnnà tí inú Hamadi fi rú, ó sì fún ẹja ní gbogbo kọfí tó mu láàárọ̀. Saloua di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má bàa tẹ̀lé e. Nígbà tó wá rọlẹ̀, tí Raouf sì ti ń yan ẹja lórí iná èédú ní ìdí ọkọ̀, Hamadi gbé ojú sókè, ó rí ìlú látòkèèrè, funfun báláú létí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí i ní òrùlé-òrùlé: ilé ẹni tó máa ń fi ólífì tọrẹ nìyẹn, ilé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe dókítà nìyí, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń se búrẹ́dì tó dùn jù.

"Èwo wá ni tèmi?" ni Lalla Douja béèrè.

Hamadi fi hàn án. Ìyá fọwọ́ ṣíji bojú, ó wò ó pẹ́.

"Ó kéré," ló wí. "Raouf, ẹja yẹn ti ń jóná o! Yí i padà, ebi ń pa mí."